Èjìká Tó Gbọ́ Orin: Ìgbésí Ayé Màmá Ojúọlápé Jemimah Ilésanmí, Olóháàpù Agége (1949–2025)

Ní agbo ilé Ọ̀dọ̀fin, ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, ni a bí Màmá wa, Olóògbé Ojúọlápé Jemimah Ilésanmí, sí ní ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, ọdún 1949. Bàbá tó bí wọn lọ́mọ ni Olóògbé Pa Ezekiel Fátúnlà, àgbẹ̀ kòkó, ẹni tó tún ń lu aago ìjọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi. Ìyá wọn ni Olóògbé Abigail Fátúnlà, tí gbogbo ìlú mọ̀ sí Ìyá Oníkíjìpá, nítorí pé aṣọ kíjìpá tí wọ́n bá hun, ọmọ a lò ó, ọmọ ọmọ a tún bá a nílé. Màmá ni ọmọ kẹta nínú ọmọ mẹ́fà, àwọn ni wọ́n sì máa ń jókòó ti ìyá wọn jù nídìí òfì. Kí wọ́n tó mọ ìwé kà ni wọ́n ti mọ bí a ṣe ń fi ìka so òwú tó já, tí ojú aṣọ kò sì ní mọ̀.

Ẹ̀yin ẹbí, ará, ọ̀rẹ́ àti ọmọ ìjọ tí ẹ pésẹ̀ lónìí, a kí yín kú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló mọ Màmá pẹ̀lú háàpù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Díẹ̀ ló mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà débẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwa ọmọ fi fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ní ọdún 1956 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìkọ̀lé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n lọ sí ilé-ìwé Mọ́dà ọlọ́dún mẹ́ta ti ìgbà náà, tí wọ́n sì jáde ní ọdún 1965. Ohun tí àwọn tó bá wọn kàwé kò gbàgbé ni ohùn wọn. Bí àlejò bá wọ ilé-ìwé, Ojúọlápé ni olùkọ́ máa ń ní kó dá orin, bó bá sì ti dá a, àwọn tó kù a mọ ibi tí wọn yóò gbà. Bàbá wọn fẹ́ kí wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n kòkó kò so dáadáa lọ́dún náà, àwọn àbúrò sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n gbà láìbínú pé àwọn yóò wá iṣẹ́ ṣe.

Ọdún 1968 ni wọ́n wá sí Èkó, sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá wọn obìnrin tó ń gbé ní Agége. Nígbà tó di ọdún 1970, ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kan gbà wọ́n síṣẹ́ ní Ìkẹjà, torí pé ọ̀gá tó ń yan òṣìṣẹ́ rí i pé ọmọbìnrin náà kò bẹ̀rù òwú. Níbẹ̀ ni wọ́n lo ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Láti ẹni tó ń so òwú tó já, wọ́n di alábòójútó gbogbo ìlà ẹ̀rọ kan. Ẹni tí kò bá dé inú gbọ̀ngàn ìhunṣọ rí kò lè mọ irú ariwo tó wà níbẹ̀. Ilẹ̀ máa ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀. Ìwọ àti ẹni tí ẹ jọ fara kanra kò ní gbọ́ ara yín bí ẹ tilẹ̀ pariwo, nítorí náà ọwọ́ àti ètè ni àwọn obìnrin ibẹ̀ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó fún wọn ní ohun tí wọn yóò fi dí etí nígbà náà, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n béèrè.

Ní ọdún 1971 ni wọ́n dara pọ̀ mọ́ ìjọ Aládùúrà wa ní Agége, wọ́n sì wọ ẹgbẹ́ akọrin lọ́sẹ̀ kan náà. Ibi ìdánrawò orin ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ Èkìtì bíi tiwọn, tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀, ti rí wọn. Bọ́dúndé Ilésanmí ni orúkọ rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Bàbá wa máa ń sọ pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni òun fi ṣi orin kọ nítorí pé etí òun kò sí lọ́dọ̀ ẹlòmíràn mọ́. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1973. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ, Olúṣínà, Adébísọ́lá àti Olúwalóṣèyí. Ilé tí wọ́n kọ́ sí Dópẹ̀mú ni a ti dàgbà, níbi tí bàbá ti ń dá ohùn ìsàlẹ̀ láti bálùwẹ̀, tí Màmá sì ń dá a lóhùn láti ìdí ààrò.

Ilé iṣẹ́ ìhunṣọ náà kógbá sílé ní ọdún 1997. Màmá kò jókòó kí wọ́n máa ká ọwọ́ gbera. Láàárín oṣù díẹ̀ wọ́n ti ṣí ìsọ̀ òwú àti bọ́tìnnì nítòsí oríta Dópẹ̀mú, àwọn télọ̀ sì ń ti Akówọ́njọ wá bá wọn rajà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ariwo ẹ̀rọ ti lọ, a wá rí ohun tó ti mú lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Oníbàárà a ní òun fẹ́ òwú funfun, Màmá a mú òwú mìíràn fún un. Wọn kì í gbọ́ agogo ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ ọmọdé àti ohùn ẹyẹ ni ó kọ́kọ́ sá lọ, nítorí ohun tó bá tín-ín-rín ni etí wọn kò gbọ́ mọ́. Adébísọ́lá, tó ti di nọ́ọ̀sì nígbà náà, mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà elétí. Dókítà ní ariwo ló jẹ etí náà, àti pé ohun tó ti jẹ kò ní padà. Wọ́n fún wọn ní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Ó mú ọ̀rọ̀ sún mọ́ wọn díẹ̀, ṣùgbọ́n bí orin bá bẹ̀rẹ̀, Màmá a yọ ọ́, wọ́n á ní ńṣe ló ń dún bí ìgbà tí ènìyàn ń ha ìkòkò.

Ní ọdún 2009, olórí akọrin ìjọ wa, Bàbá Dàwódù, pe Màmá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn. Kì í ṣe ẹni líle. Ó fi ọ̀wọ̀ sọ fún wọn pé ohùn wọn ti ń yà kúrò lójú orin, pé wọn kò mọ̀, pé àwọn akọrin tó dúró tì wọ́n sì ti ń ṣìnà tẹ̀lé wọn. Ó ní kí wọ́n lọ sinmi láàárín àwọn ìyá ìjọ. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ká aṣọ akọrin wọn, wọ́n gbé e sí ìsàlẹ̀ àpótí, wọ́n sì lọ jókòó sí àga ẹ̀yìn. Láti ọjọ́ náà, bí ìjọ bá ń kọrin, Màmá a pa ẹnu dé. Nígbà tí bàbá wa sì fi ayé sílẹ̀ ní ọdún 2013, kò sí ẹni tó ń dá orin láti bálùwẹ̀ mọ́. Ilé wa dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rù fi ń ba àwa ọmọ.

Ní ọdún 2014, nígbà tí wọ́n fẹ́ pé ọdún márùndínláàádọ́rin, a péjọ láti béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí á fi ṣe wọ́n lóore. Olúṣínà ti ní i lọ́kàn pé ìrìn-àjò sí ilẹ̀ mímọ́ ni wọn yóò sọ. Màmá wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Mo fẹ́ ohun tí mo lè fi kọrin,” ni wọ́n wí. “Ẹnu tèmi kò ṣe é fọkàn tán mọ́.”

Ìyẹn ló gbé wa dé ìsọ̀ ohun èlò orin kan ní Maryland. Olúṣínà ti yan dùùrù alátẹ̀ fún wọn kí á tó dé ibẹ̀, nítorí òun ni gbogbo ìjọ ń lò. Màmá tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbọ́ ti apá òsì. Bí wọ́n ti ń lọ sí apá ọ̀tún, ohùn náà ń pòórá, títí ó fi ku kìkì ìró èékánná wọn lórí pátákó. Wọ́n mú fayolín, wọn kò gbọ́ nǹkan kan rárá. Wọ́n mú gìtá, ó wù wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ wọn kò gbà á. Arábìnrin tó ni ìsọ̀, Divine ni orúkọ rẹ̀, ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú wọn nígbà tí Màmá nawọ́ sí nǹkan kan ní kọ̀rọ̀, tí eruku ti bò. Háàpù ni, irú dùùrù olókùn tí à ń kà nípa rẹ̀ nínú ìwé mímọ́. Divine ní ó ti pẹ́ níbẹ̀, pé àwọn ènìyàn kàn máa ń bá a ya fọ́tò ni.

Wọ́n jókòó, wọ́n fi orúnkún méjèèjì gbá a mú, wọ́n sì jẹ́ kí àpótí rẹ̀ fara ti èjìká ọ̀tún wọn bí Divine ti júwe. Wọ́n fa okùn tó gùn jù. Wọ́n fa èyí tó tẹ̀lé e, wọ́n sì ń fà á lọ sókè títí dé ibi tí okùn ti kúrú bí ìka. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ ẹ̀rọ ìgbọ́ràn kúrò létí, wọ́n gbé e lé Adébísọ́lá lọ́wọ́, wọ́n sì tún un fà láti ìbẹ̀rẹ̀. Omi ti wà lójú wọn nígbà tí wọ́n gbórí sókè.

“Ṣínà,” ni wọ́n wí, “eléyìí ń bá mi sọ̀rọ̀ láti inú egungun.”

Síbẹ̀ wọn kò jẹ́ kí á gbé e lọ́jọ́ náà, nítorí ẹni tó bá ti ra òwú fún ọdún pípẹ́ kì í kánjú rajà. Háàpù mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Èyí tó kéré jù, orí itan ni à ń gbé e lé, ṣùgbọ́n kò ní ọwọ́ irin tí à ń fi yí ohùn okùn padà, nítorí náà kéyì kan ṣoṣo, ìyẹn ìpele ohùn orin kan, ló lè kọ. Èyí tó tóbi jù ní ohùn bíi ti bàbá àgbà, ṣùgbọ́n ó gba ọkùnrin méjì kí wọ́n tó lè gbé e. Màmá ní àwọn kò fẹ́ ohun tí àwọn yóò máa bẹ ènìyàn kó tó dé ṣọ́ọ̀ṣì. Èyí tó wà láàárín ni ọkàn wọn fà sí. Okùn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ó ní, lókè okùn kọ̀ọ̀kan sì ni ọwọ́ irin kékeré kan wà. Bí a bá gbé ọwọ́ irin náà sókè, ohùn okùn náà a ga sí i díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń yí kéyì orin padà. Okùn pupa dúró fún dó, okùn dúdú dúró fún fá, tí ojú fi lè ran etí lọ́wọ́. Nígbà tí Màmá padà lọ, kẹ̀kẹ́ Márúwá ni wọ́n gbé lọ. Wọ́n ní kí awakọ̀ dúró, wọ́n gbé háàpù náà síbi ìjókòó lẹ́yìn, wọ́n jókòó tì í, wọ́n sì ní kó yí ìsọ̀ náà po lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n ní ó ti parí, àwọn ti rí tiwọn.

Olùkọ́ ni ó ṣòro láti rí. Nígbẹ̀yìn ni wọ́n júwe Tèmilọlá fún wa, ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní Ọgbà tó kàwé nípa orin, tó sì mọ háàpù ta. Àwọn ọmọdé ni ó ń kọ́. Kò kọ́ àgbàlagbà tí etí rẹ̀ wúwo rí, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wa ní gbangba. Màmá ní kó má ṣe ìyọnu, pé àwọn náà kò kọ́ ọ rí.

Àmì orin dó-rè-mí ni Tèmilọlá kọ gàdàgbà-gàdàgbà sórí ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀. Ó kọ́ wọn pé àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ wà lókè, pé bí ìka bá ti fa okùn, inú àtẹ́lẹwọ́ ni kó padà sí, àti pé ọmọńdinrín kì í bá wọn dá sí i rárá. Ó máa ń fi ọwọ́ gbá ẹ̀yìn àpótí náà wọ́ọ́rọ́wọ́ kí Màmá lè fi èjìká ka ìlù orin. Olúwalóṣèyí fi nǹkan kan sórí fóònù wọn tó ní abẹ́rẹ́. Bí okùn bá ti dẹ̀ tàbí tó le jù, abẹ́rẹ́ náà a yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, Màmá a sì tún un ṣe títí abẹ́rẹ́ yóò fi dúró láàárín. Nígbà ọyẹ́, okùn a máa yí ohùn padà ṣáá, wọ́n á jókòó tì í bí ẹni ń tọ́jú ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Ìka wọn bó, ó sàn, ó tún bó. Ariwo ẹ̀rọ amúnáwá àwọn aládùúgbò tó ń lé akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn kúrò nídìí orin kò rí tiwọn ṣe, nítorí kì í ṣe etí ni wọ́n fi ń gbọ́. Àwọn kan ládùúgbò ń rẹ́rìn-ín pé Ìyá Oníbọ́tìnnì ti sọ ara wọn di ọmọdé. Ẹni tí kò gbọ́ ti ẹnu ẹga ni í ní ẹga ń pàtótó.

Ó di ìkórè ọdún 2016. Màmá ti mọ orin bíi mélòó kan, wọ́n sì bẹ̀bẹ̀ kí àwọn bá ẹgbẹ́ akọrin lù nígbà ọrẹ. Wọ́n gbà fún wọn. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn ni pé ọmọkùnrin tó ń tẹ dùùrù ti gbé orin náà sókè sí kéyì mìíràn lójijì. Gbogbo akọrin tẹ̀lé e. Màmá kò gbọ́ ọ, wọ́n ń lù ú lọ ní kéyì tiwọn, orin méjì sì ń jà nínú ilé kan. Ojú àwọn ènìyàn ni wọ́n fi mọ̀. Wọ́n rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi ìwé orin bo ẹnu, wọ́n rí àwọn ìyá tó ń wo ilẹ̀. Wọ́n lù ú dé òpin, wọ́n dìde, wọ́n tẹrí ba fún pẹpẹ, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn gbé háàpù náà jáde. Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n da aṣọ bò ó. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀ ni ó fi wà bẹ́ẹ̀.

Tèmilọlá kò dúró de ìpè. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó wá, ó jókòó ti Màmá ní pálọ̀, kò sì mẹ́nu kan háàpù. Wọ́n jọ ń pa ẹ̀gúsí. Ẹ̀gúsí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú igbá kí Màmá tó sọ̀rọ̀.

“Títẹ̀lé orin ni o ti ń kọ́ mi,” ni wọ́n wí fún un. “Etí tèmi kò lè tẹ̀lé ẹnikẹ́ni mọ́. Kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣáájú.”

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀kọ́ wọn ti yí padà. Tèmilọlá kì í bá wọn lù mọ́. Ó kọ́ wọn bí a ṣe ń ta okùn mélòó kan síwájú kí akọrin tó mọ ibi tó máa gbà wọlé, bí a ṣe ń fún wọn láàyè láti mí, àti bí a ṣe ń fa wọ́n padà bí wọ́n bá ń sáré. Èyí tó nira jù lọ ni yíyí kéyì láàárín orin. Ọwọ́ ọ̀tún a máa ta okùn lọ láìdúró, ọwọ́ òsì a sì fò sókè lọ gbé ọwọ́ irin lẹ́yọ lẹ́yọ kí ìlà tó ń bọ̀ tó dé. Bó bá pẹ́ jù, orin bàjẹ́. Bó bá yá jù, orin bàjẹ́. Ó ju ọdún kan lọ tí wọ́n fi ń ṣe é tí kò bọ́ sí i. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe bàbá.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan ní ìparí ọdún 2018, Bàbá Dàwódù yà láti kí Màmá. Kó tó kan ilẹ̀kùn, ó gbọ́ háàpù láti ìta, ó sì fìdí lé àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Adébísọ́lá tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ló bá a níbẹ̀, àgbà náà ti yọ fìlà lórí. Nígbà tí wọ́n wọlé, àgbà náà bẹ Màmá pé kí wọ́n ṣáájú orin ìdúpẹ́ nígbà ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún wọn tó ń bọ̀. Màmá ní àwọn gbà, bí dùùrù alátẹ̀ àti ìlù yóò bá dákẹ́ títí àwọn yóò fi parí, tí akọrin yóò sì tẹ̀lé àwọn. Ọ̀rọ̀ náà dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́. Àwọn kan béèrè bí ẹni tí kò gbọ́ ṣe fẹ́ ṣáájú àwọn tó gbọ́. Bàbá Dàwódù ní òun ti gbọ́ fún gbogbo wọn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta, ọdún 2019. Ìjọ kún dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn kan wá fún ìdúpẹ́, àwọn mìíràn wá wo bí yóò ṣe rí, nítorí wọn kò tíì gbàgbé ìkórè ọjọ́sí. Tèmilọlá jókòó níwájú, ó di ọwọ́ ara rẹ̀ mú. Màmá yọ ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, wọ́n fi sínú àpò, wọ́n gbé háàpù ti èjìká. Bàbá Dàwódù kò dúró níwájú akọrin bó ti máa ń ṣe. Ó bọ́ sáàárín wọn, ó dúró bí ọ̀kan nínú wọn, ó sì kọjú sí Màmá.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ohùn háàpù kò tóbi, ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé fi dákẹ́ láti gbọ́ ọ. Wọ́n mi orí, akọrin wọlé. Ẹsẹ kìíní lọ ní ìrọ̀rùn. Ní ẹsẹ kejì, àwọn tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ lábẹ́lẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ẹsẹ kẹta wọlé, àwa ọmọ rí ọwọ́ òsì Màmá tó gbéra lọ sókè. A mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Tèmilọlá dijú. Ìka náà kan ọwọ́ irin kan, ó kan òmíràn, ó tún kan òmíràn, ọwọ́ ọ̀tún kò dúró, orin náà sì gbéra nílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹyẹ ti í gbéra lórí òrùlé, ó mọ́lẹ̀, ó ga, gbogbo akọrin sì bá a gòkè láìsí ẹni tó ṣubú. Gbogbo ìjọ dìde. Àwọn tó wá wò ó bóyá yóò bàjẹ́ ni ohùn wọn ga jù.

Nígbà náà ni Màmá gbé ọwọ́ kúrò lórí okùn. A rò pé wọ́n ti gbàgbé ibi tó kàn. Wọ́n kàn jókòó, háàpù lórí èjìká, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn lẹ̀ mọ́ igi rẹ̀, ìjọ sì ń kọrin lọ. Ohùn àwọn ènìyàn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ti wọ inú àpótí háàpù náà, ó ń mì, ó sì ń gba inú igi wọ inú egungun wọn. Láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, Màmá kò tíì gbọ́ ìjọ kí wọ́n máa kọrin. Nígbà tí orin parí, wọ́n sọ ọ́ sókè gan-an, nítorí wọn kò mọ bí ohùn wọn ṣe ga tó.

“Mo gbọ́ yín. Gbogbo yín ni mo gbọ́.”

Bàbá Dàwódù kò jẹ́ kí ariwo ayọ̀ náà rọlẹ̀ tán kó tó wá síwájú. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, arúgbó tí òun náà ti lé ní àádọ́rin. Ó ní, “Ìyá Ṣínà, ẹ padà sáàárín wa.” Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Adébísọ́lá lọ aṣọ akọrin wọn, wọ́n sì wọ̀ ọ́. Wọn kò bọ́ ọ mọ́ títí wọ́n fi lọ.

Orúkọ Màmá tàn kálẹ̀. Ohun tó mú inú wọn dùn jù nínú rẹ̀ ni àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní gbọ̀ngàn ìhunṣọ nígbà kan. Wọ́n gbọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti Agége, láti Ọgbà, láti ẹ̀yìn Ìkẹjà, ìyá àgbà tí etí wọn ti wúwo bíi ti Màmá, tí àwọn ọmọ wọn rò pé wọn kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ mọ́. Màmá a gbé háàpù ti èjìká ẹni tó bá dé, wọ́n á ta okùn kan, wọ́n á sì máa wo ojú rẹ̀. Bí ojú yẹn ti ń yí padà ni wọ́n máa ń ròyìn fún wa lálaalẹ́. Ẹ̀rù a ba ẹlòmíràn, ẹ̀rín a pa ẹlòmíràn. Ó di ẹgbẹ́, wọ́n pè é ní Ẹgbẹ́ Olókùn, Sátidé ni ọjọ́ ìpàdé wọn, Tèmilọlá sì ni olùkọ́. Nígbà tó di ọdún 2022, wọ́n ti ní háàpù tó pọ̀ tó láti lọ ta á fún àwọn ènìyàn ní gbọ̀ngàn ńlá kan ní Ìkẹjà, àwọn ìyá àgbà nínú aṣọ funfun, Màmá láàárín wọn. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n ń wò, bí wọ́n ti ṣe nídìí ẹ̀rọ. Àwọn ènìyàn dìde fún wọn kí wọ́n tó parí. Màmá tún máa ń gbé háàpù lọ sí ilé-ìwé àwọn ọmọ tí kò gbọ́ràn, wọ́n á jẹ́ kí àwọn ọmọ náà gbé àtẹ́lẹwọ́ àti àyà lé igi rẹ̀, wọn kì í sì í tètè rí i gbà padà lọ́wọ́ wọn.

Nínú gbogbo èyí, Màmá kì í ṣe áńgẹ́lì. Bí wọ́n bá ń ṣe ìdánrawò, ẹni tó bá fọwọ́ kan èjìká wọn yóò gba ìbáwí. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn nu háàpù. Wọ́n sì máa ń rán àwọn aládùúgbò tó fi wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà kan létí, pẹ̀lú ẹ̀rín, pé àga wà nínú gbọ̀ngàn fún àwọn náà bí wọ́n bá ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Àìsàn wọn kò pẹ́. Ní ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, ní òwúrọ̀, Màmá jí, wọ́n gbàdúrà fún ilé, wọ́n mu ògì, wọ́n sì ní kí Adébísọ́lá bá àwọn ṣí fèrèsé. Kí ó tó padà dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti lọ ní àlàáfíà, ní ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Nínú ìdàrúdàpọ̀ ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó rántí ránṣẹ́ sí Ẹgbẹ́ Olókùn. Nígbà tí Sátidé dé, àwọn ìyá náà wá gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ẹnu ọ̀nà ni Olúṣínà ti sọ fún wọn, ó fi ọwọ́ sọ ọ́ kí ó lè yé wọn. Lẹ́yìn náà ni àgbà wọn wọlé, ó gbé háàpù Màmá, ó jókòó sórí àga Màmá, ó sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó kù gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ta okùn títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, kò sì sí ẹni tó sọ pé kí wọ́n dáwọ́ dúró.

Àwọn tí Màmá fi sáyé lọ ni ọmọ mẹ́ta: Olúṣínà Ilésanmí, Adébísọ́lá, àti Olúwalóṣèyí Ilésanmí, àwọn ìyàwó ilé àti ọkọ ọmọ, àwọn ọmọ ọmọ, Olúwadémiládé, Olúwakóredé, Ayọ̀tọ́lá, àti Olúwatófúnmi tó ti ń ta háàpù báyìí, àwọn àbúrò ní Ìkọ̀lé, Tèmilọlá, tí Màmá kò yà sọ́tọ̀ láàárín ọmọ, gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ìjọ, àti àwọn ìyá Ẹgbẹ́ Olókùn, tí wọ́n ní àwọn kì í ṣe opó, àwọn kì í sì í ṣe ọmọ òrukàn, nítorí náà àwọn kò mọ orúkọ tí à ń pe irú àwọn.

Ọmọ Fátúnlà, aya Ilésanmí, ẹ ti ṣe é, ẹ sì ṣe é yọrí. Bọ́dúndé ti dúró pẹ́ lọ́hùn-ún, ó ti tó kí ẹ fún un ní orin tó kàn. Kí ilẹ̀ dẹ̀ fún yín, kí ọ̀nà mọ́lẹ̀ níwájú yín, kí ẹ̀yìn yín sì dára. Ó dàárọ̀, Màmá. Ẹ sùn ire o.